Ìbéèrè àti Ìdáhùn lórí Ọkọ̀: Sípánà Ṣe Ṣọ́ọ̀tì Bátìrì, Gbogbo Iná Ọkọ̀ sì Kú

Lẹ́tà mẹ́rin ni mo mú dáhùn lọ́tẹ̀ yìí, iná ọkọ̀ sì ni gbogbo wọn dá lé. Ti àkọ́kọ́ ni yóò gba àyè jù, nítorí pé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó kọ ọ́ lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó bá mú sípánà lọ́wọ́, àti nítorí pé ìmọ̀ràn tí wọ́n fún un lè mú kí ó ná owó ńlá dànù.

LẸ́TÀ KÌÍNÍ

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Toyota Corolla ọdún 2005 ni mo ń wà. Ní àárọ̀ Sátidé tó kọjá, mo rí i pé tẹ́míná bátìrì ti dẹ̀, mo bá mú sípánà 10 láti fún un. Ẹgbẹ́ pọ́sítífù ni mo ń fún lọ́wọ́ nígbà tí ìdí sípánà náà kan irin gbọọrọ tó de bátìrì mọ́ àyè rẹ̀. Iná ta ṣàà, sípánà lẹ̀ mọ́ irin náà fún bí ìṣẹ́jú àáyá kan tàbí méjì kí n tó já a kúrò. Ibi tó ti kàn án lára sípánà ti ṣá, àfi bí ẹni pé eku gé e jẹ. Láti ìgbà náà, bí mo bá yí kọ́kọ́rọ́, kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀: iná dáṣíbọ́ọ̀dù kò tàn, fèrè kò dún, iná inú ọkọ̀ pàápàá kò tàn. Rẹ́wáyà tí aládùúgbò mi bá mi pè wo ọkọ̀ náà fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ní brain box, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìnnì, ti jó, kí n lọ wá owó tòkunbọ̀. Iye tó dá lé e ju owó oṣù mi lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni? – Òǹkàwé kan, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ewu o. Ojú àti ọwọ́ yín ni mo kọ́kọ́ rò nígbà tí mo ka lẹ́tà yín, inú mi sì dùn pé ọkọ̀ nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ má tíì ra brain box. Bó bá jẹ́ bí ẹ ṣe kọ ọ́ gan-an ni ó ṣẹlẹ̀, brain box kọ́ ni ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fura sí, n ó sì ṣàlàyé ìdí rẹ̀ ní ẹ̀sọ̀ẹ̀sọ̀, kí ẹ lè fi ẹnu ara yín sọ ọ́ fún rẹ́wáyà náà nígbà tó bá padà wá.

Iná bátìrì kì í ṣàdédé fò káàkiri inú ọkọ̀. Ọ̀nà ni ó máa ń tọ̀. Orí pọ́sítífù ni ó ti ń jáde, orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì kan náà ni ó sì gbọ́dọ̀ padà sí, bí kò bá rí ọ̀nà padà, kò ní jáde rárá. Ìdí nìyí tí ìbéèrè tó yẹ kí a kọ́kọ́ béèrè lẹ́yìn ṣọ́ọ̀tì èyíkéyìí fi jẹ́ pé: ibo ni iná náà gbà kọjá? Nínú ọ̀ràn tiyín, ó jáde ní orí pọ́sítífù, ó gba ara sípánà, ó bọ́ sí irin tó de bátìrì, irin yẹn gbé e wọ ara ọkọ̀, ara ọkọ̀ sì gbé e gba wáyà dúdú padà sí orí nẹ́gẹ́tífù. Ẹ tún ọ̀nà yẹn tọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò gba inú àpótí fúùsì kọjá, kò sì dé ibi tí brain box wà. Nítorí pé kò gba inú fúùsì kankan ni iná náà fi le tó bẹ́ẹ̀, tí ó fi jẹ irin sípánà.

Bátìrì ọkọ̀ tí ara rẹ̀ yá lè tu iná tó ju 1,000 ampere jáde ní irú ìṣẹ́jú àáyá bẹ́ẹ̀. Kí ẹ lè mọ bí ìyẹn ti pọ̀ tó, iná iwájú ọkọ̀ méjèèjì pa pọ̀ kò gbà ju nǹkan bí 10 ampere lọ. Nígbà tí irú agbára bẹ́ẹ̀ bá gba ọ̀nà kan kọjá, ibi tí ọ̀nà náà ti rẹ̀ jù ni yóò gbóná jù, ibẹ̀ náà ni yóò sì kọ́kọ́ já. Ó lè jẹ́ inú bátìrì fúnra rẹ̀, níbi tí àwọn òjé tó so yàrá mẹ́fẹ̀ẹ̀fà inú rẹ̀ pọ̀ wà. Ó lè jẹ́ ibi tí tẹ́míná ti di orí bátìrì mú, pàápàá bí ẹ ṣe sọ pé ó ti dẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ibi tí wọ́n ti fi bóòtì de wáyà dúdú mọ́ ara ọkọ̀, ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í wò rárá nítorí pé abẹ́ bátìrì ni ó máa ń fara pamọ́ sí.

Kí ni ti brain box? Ní gbogbo àkókò tí sípánà fi lẹ̀ mọ́ irin, ńṣe ni iná tó ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dín kù, bí ìgbà tí iná ilé bá rọ̀ nítorí pé ẹnìkan tan ẹ̀rọ alágbára kan. Iná tó rọ̀ kì í jó o, ńṣe ni ó máa ń mú kí ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. N kò sọ pé kò lè bà jẹ́ o, nítorí pé nígbà tí sípánà bá ń já kúrò, iná lè ṣàdédé ga sókè fún ìṣẹ́jú tó kéré ju ìpajú lọ, ìyẹn sì lè ṣe é ní jàǹbá. Ṣùgbọ́n òpin àyẹ̀wò ni ti brain box, kì í ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan, ẹ bọ́ òrùka, aago àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ẹ wo ara bátìrì náà. Bí ó bá wú, bí ó bá ń gbóná, bí ó bá ń hó ṣìì, tàbí bí ẹ bá ń gbóòórùn bí ẹyin tó ti bàjẹ́, ẹ sún sẹ́yìn, kí ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ gbé e kúrò. Afẹ́fẹ́ hydrogen ni bátìrì máa ń tú jáde, ẹ̀ta iná kékeré kan sì tó láti mú kí ó bú gbàmù. Omi inú rẹ̀ náà kì í ṣe ohun ìṣeré, ásíìdì ni. Bí ó bá ta sí yín lára, omi púpọ̀ ni kí ẹ fi ṣàn án, kí ẹ má dúró wá nǹkan mìíràn.

Míta ni ẹ ó lò, irú èyí tí kò wọ́n tí àwọn oníṣẹ́ iná máa ń mú kiri. Ẹ yí i sí ibi DC volt, lórí 20. Ẹ fi pupa míta kan orí pọ́sítífù, kí ẹ fi dúdú kan orí nẹ́gẹ́tífù. Orí òjé bátìrì fúnra rẹ̀ ni mo ní kí ẹ kàn, kì í ṣe tẹ́míná tó dì í mú, nítorí pé tẹ́míná lè wà lórí bátìrì kí ó má sì kàn án dáadáa. Bátìrì tó kún yóò kọ 12.6. Bí ó bá kọ 12.2, ó kù bí ìdajì. Bí ó bá kéré sí 11.9, kò sí nǹkan nínú rẹ̀ mọ́.

Ẹ má fi iye yẹn nìkan ṣe ìdájọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹnìkan tan iná iwájú ọkọ̀ nígbà tí ẹ ṣì fi míta kan orí òjé méjèèjì. Bí iye tí míta ń kọ bá wó lulẹ̀ láti 12.6 sí 3 tàbí sí òdo, ohun kan ti já nínú bátìrì: ó ní agbára lójú, ṣùgbọ́n kò lè gbé ẹrù. Bátìrì ni kí ẹ pààrọ̀, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí míta bá dúró sórí 12.6 láìyẹ̀, tí iná iwájú kò sì tàn, kò sí iná kankan tó ń jáde láti inú bátìrì nìyẹn, ọ̀nà ti gé níbì kan.

Èyí tó tẹ̀ lé e ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àyẹ̀wò, nítorí pé kì í parọ́. Ẹ fi suwíìṣì iná iwájú sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní títàn. Ẹ fi dúdú míta kan òjé nẹ́gẹ́tífù, kí ẹ fi pupa rẹ̀ kan irin ara ọkọ̀ níbi tí ọ̀dà ti ṣí, lẹ́yìn náà kí ẹ fi kan ara ẹ́ńjìnnì. Nítorí pé wáyà dúdú ló yẹ kí ó so gbogbo wọn pọ̀, òdo ni míta gbọ́dọ̀ kọ, tàbí nǹkan tó kéré sí 0.2. Bí ó bá kọ 11 tàbí 12, ẹ ti mú olè náà: wáyà dúdú tàbí bóòtì tó dè é ti gé, kò sí ọ̀nà tí iná yóò gbà padà sílé.

Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, wọ́n wọ́ ọkọ̀ kan wá sọ́dọ̀ mi tí wọ́n ti pààrọ̀ brain box rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn irú ìjàǹbá bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo gbé bátìrì àti àwo tó jókòó lé kúrò, mo rí bóòtì tó de wáyà dúdú mọ́ ara ọkọ̀. Ọ̀dà tó yí i ká ti jó ní òbìrí dúdú bí ìdí ìkòkò. Wáṣà abẹ́ rẹ̀ ti di aláwọ̀ aró. Ìka méjì péré ni mo fi yí bóòtì náà, ó sì ń yí lọ́wọ́ mi, ìpẹ́pẹ́ dúdú ń já bọ́ lábẹ́ rẹ̀. Mo fi sáńpépà fọ ibẹ̀ títí irin fi funfun, mo fi bóòtì tuntun sí i, mo sì fún un. Gbogbo iná dáṣíbọ́ọ̀dù tàn. Brain box tó bá ọkọ̀ náà dé, èyí tí wọ́n ti jù sí ẹ̀yìn ìjókòó, ni a dá padà sí àyè rẹ̀, ọkọ̀ náà sì ṣiṣẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mí gan-an nígbà tí mo gbọ́ iye tí oníǹkan ti ná. Àgbà ní a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, àmọ́ ohun tí a ń ṣe sí àwọn oníbàárà wa nìyẹn nígbà tí a kò bá fara balẹ̀.

Bí ẹgbẹ́ nẹ́gẹ́tífù bá dára, ẹ wá sí ẹgbẹ́ pọ́sítífù lọ́nà kan náà. Ẹ fi pupa míta kan òjé pọ́sítífù, kí ẹ fi dúdú kan tẹ́míná tó dì í mú, lẹ́yìn náà kí ẹ fi kan bóòtì tí wáyà pupa gbà wọ àpótí fúùsì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bátìrì. Òdo ni kí ó kọ níbi méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé dúdú míta padà sí òjé nẹ́gẹ́tífù, kí ẹ máa fi pupa rẹ̀ kan ojú méjèèjì fúùsì ńlá kọ̀ọ̀kan. Bí ojú kan bá ní 12, tí ojú kejì kò sì ní nǹkan kan, fúùsì náà ti jó. Àwọn fúùsì kékeré ní ihò tín-tín méjì lórí tí ẹ lè fi ẹnu míta kàn láìyọ wọ́n. Mo ti sọ pé ṣọ́ọ̀tì tiyín kò gba inú fúùsì kọjá, ṣùgbọ́n ìgbà míràn wà tí sípánà máa ń kan ibòmíràn tí ẹni tó mú un lọ́wọ́ kò rí, nítorí náà ẹ má fo èyí.

Nígbà tí iná bá padà dé, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ sí ON láìstáàtì ọkọ̀. Bí iná check engine bá tàn, àmì rere nìyẹn, brain box ti jí. Ẹ ní kí rẹ́wáyà so scanner, ẹ̀rọ tó ń bá brain box sọ̀rọ̀, mọ́ ihò rẹ̀ lábẹ́ sítíárì. Irú ihò yìí ni òfin Amẹ́ríkà ti mú kí ó wà lára gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà níbẹ̀ láti ọdún 1996, ihò kẹrìndínlógún nínú rẹ̀ sì ni iná bátìrì máa ń gbà wọlé, nítorí náà bí scanner kò bá tàn rárá, fúùsì ni kí ó kọ́kọ́ wò. Bí scanner bá tàn, tí brain box sì dá a lóhùn, kò jó. Bí kò bá dá a lóhùn, kí ó wò ó bóyá iná àti nẹ́gẹ́tífù ń dé ìdí brain box, kí ó sì wò ó bóyá brain box ń fi 5 volt ránṣẹ́ sí àwọn sẹ́ńsọ̀. Bí ohun tó yẹ kí ó wọlé bá wọlé, tí èyí tó yẹ kí ó jáde kò sì jáde, ìgbà náà ni mo gbà pé kí a sọ pé brain box ti bàjẹ́.

Ohun kan wà tí rẹ́wáyà náà kò sọ fún yín. Bí kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yín bá ní chip nínú, brain box tòkunbọ̀ kò mọ kọ́kọ́rọ́ náà. Ó lè dára gan-an, kí ọkọ̀ náà má sì ṣiṣẹ́ títí wọn yóò fi kọ́ ọ láti dá kọ́kọ́rọ́ yín mọ̀. Ẹni tó bá rà á láìṣàyẹ̀wò ti fi ìṣòro kejì kún ti àkọ́kọ́.

Aago, rédíò àti gíláàsì tó ń dá gòkè lè gbàgbé ètò wọn, ẹ́ńjìnnì sì lè máa mì díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi sílẹ̀ kí ó ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, yóò mú ara rẹ̀ bọ̀ sípò. Lọ́jọ́ mìíràn tí ẹ bá fẹ́ fún tẹ́míná, ẹgbẹ́ nẹ́gẹ́tífù ni kí ẹ kọ́kọ́ tú kúrò, òun náà ni kí ẹ dá padà kẹ́yìn. Bí nẹ́gẹ́tífù bá ti kúrò, sípánà lè kan irin ní ìgbà ogún, kò sí ọ̀nà tí iná yóò gbà padà, kò sì ní ta.

LẸ́TÀ KEJÌ

Ẹ káàsán, ẹ̀yin àgbà wa. Bátìrì ọkọ̀ mi kú ní alẹ́, ọ̀rẹ́ mi sì mú ọkọ̀ tirẹ̀ wá kí a fi wáyà gba iná láti inú bátìrì rẹ̀. Òkùnkùn ṣú, a kò rí àmì ara bátìrì dáadáa, a gbé wáyà pupa sí nẹ́gẹ́tífù ọkọ̀ mi, a gbé dúdú sí pọ́sítífù. Iná ta, ohùn kan sì dún pọ́ọ̀. Ní báyìí iná inú ọkọ̀ ń tàn, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ nǹkan kò ṣiṣẹ́. – Òǹkàwé kan, Ilé-Ifẹ̀.

ÌDÁHÙN

Tiyín yàtọ̀ sí ti Abẹ́òkúta, nítorí pé ọ̀nà tí iná gbà yàtọ̀. Nínú alternator, ẹ̀rọ tí ẹ́ńjìnnì ń yí láti pèsè iná fún ọkọ̀ àti bátìrì, àwọn diode wà tó dà bí ilẹ̀kùn tó ń ṣí sí ẹgbẹ́ kan ṣoṣo. Wọ́n ń jẹ́ kí iná ti inú alternator jáde lọ sí bátìrì, wọn kì í jẹ́ kí ti bátìrì padà wọlé. Nígbà tí ẹ gbé wáyà sí òdì, gbogbo ilẹ̀kùn wọ̀nyẹn ṣí sílẹ̀ gbayawu lẹ́ẹ̀kan náà, iná bátìrì ọ̀rẹ́ yín sì ya wọ inú alternator. Fúùsì ńlá tó dúró lójú ọ̀nà náà, èyí tí wọ́n máa ń kọ ALT sí lára nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ Toyota, tó sì máa ń jẹ́ 100 ampere tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ni mo rò pé ẹ gbọ́ tó dún pọ́ọ̀. Ó kú kí alternator lè yè.

Irú fúùsì yẹn kì í ṣe èyí tí a ń fi ìka yọ, bóòtì ni wọ́n fi máa ń dè é, rẹ́wáyà lè ní láti tú àpótí fúùsì kí ó tó rí ìdí rẹ̀. Iye kan náà ni kí ẹ fi rọ́pò rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń ṣiṣẹ́, ẹ fi míta wọn orí bátìrì: 13.8 sí 14.4 ni à ń wá. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ yí míta sí ibi AC volt. Bí ó bá ju ìdajì volt lọ, diode kan ti bàjẹ́ bí alternator tilẹ̀ ń gba bátìrì ṣájì, irú alternator bẹ́ẹ̀ kì í sì pẹ́ kí ó tó kú tán. Ẹ bá ọ̀rẹ́ yín wo ọkọ̀ tirẹ̀ náà, nítorí pé oore ni ó wá ṣe.

Nígbà mìíràn, pupa sí pọ́sítífù ọkọ̀ tó kú, ìdí kejì pupa sí pọ́sítífù ọkọ̀ tó yè, dúdú sí nẹ́gẹ́tífù ọkọ̀ tó yè, kí ẹ wá fi ìdí kejì dúdú de irin ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ tó kú, ní ibi tó jìnnà sí bátìrì, kí ẹ̀ta iná má bàa bá afẹ́fẹ́ rẹ̀. Iná tọ́ọ̀ṣì ni kí ẹ fi wá àmì ìròpọ̀ tó wà lára bátìrì, ẹ má fi àwọ̀ wáyà nìkan ṣe é, torí mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n fi wáyà dúdú sí ẹgbẹ́ méjèèjì.

LẸ́TÀ KẸTA

Ẹ̀yin olóòtú wa, fúùsì kan nínú ọkọ̀ mi máa ń jó nígbàkúùgbà tí mo bá fi tuntun sí i. Ẹni tó ń bá mi tún un ṣe fa òwú kọ́pà kan yọ, ó yí i mọ́ ẹsẹ̀ fúùsì tó ti jó náà, ó sì ní kò ní jó mọ́. Òótọ́ ni, kò jó mọ́ láti ọ̀sẹ̀ méjì. Ṣé kò séwu? – Òǹkàwé kan, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN

Ewu ńlá wà. Mo bẹ̀ yín, lónìí gan-an ni kí ẹ yọ òwú náà, kí ẹ tó tún wa ọkọ̀ náà, pàápàá bí ẹ bá ń fi í gbé ọmọ lọ sí ilé-ìwé.

Fúùsì tó ń jó léraléra ń sọ fún yín pé ṣọ́ọ̀tì ṣì wà lójú ọ̀nà náà. Wáyà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tín-ínrín, ìwọ̀n iye fúùsì yẹn ni wọ́n fi dá a. Fúùsì 15 ampere ni yóò jó kí wáyà tó gbóná. Nígbà tí òwú kọ́pà bá ti gba ipò fúùsì, wáyà fúnra rẹ̀ ni yóò di fúùsì, abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì tàbí ẹ̀yìn dáṣíbọ́ọ̀dù ni yóò sì ti jó, láàárín rọ́bà àti tìmùtìmù. Ọkọ̀ tó jó báyìí kì í fún ènìyàn láyè pípẹ́.

Ọ̀nà kan wà láti wá ṣọ́ọ̀tì láìjó fúùsì kan sí i, owó rẹ̀ kò sì ju ti gílóòbù kan lọ. Ẹ mú gílóòbù iná bíréèkì, oní 21 watt, kí ẹ so wáyà méjì mọ́ ọn, kí ẹ sì fi ẹnu wáyà méjèèjì bọ ihò tí fúùsì náà ti jáde. Gílóòbù náà kò ní gbà kí iná tó tó 2 ampere kọjá, nítorí náà kò sí wáyà tí yóò jó. Bí ṣọ́ọ̀tì bá wà, gílóòbù yóò tàn rekete. Ẹ wá máa yọ ohun tí fúùsì náà ń bọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ máa mi wáyà rẹ̀ bí ẹ ti ń lọ. Nígbà tí gílóòbù bá pajú tàbí tó bá kú, ẹ ti dé ibẹ̀.

Àwọn ibi tí mo kọ́kọ́ máa ń wò nìwọ̀nyí: ibi tí wáyà ti ń ṣẹ́ po nígbà tí a bá ń ṣí ilẹ̀kùn àti búùtù, ẹ̀yìn rédíò tàbí áláàmù tí wọ́n so mọ́ ọkọ̀ lẹ́yìn tó ti kúrò ní ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, àti ibi tí eku ti gé rọ́bà ara wáyà jẹ. Ti eku yìí kò kéré o. Ọkọ̀ tó bá dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì nítòsí ibi tí a ń kó oúnjẹ tàbí pàǹtí sí, ó yẹ kí a ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wò.

Nígbà tí ẹ bá tún un ṣe tán, iye tí wọ́n kọ sí ara ìdérí àpótí fúùsì ni kí ẹ rà. Àwọ̀ fúùsì náà ń sọ̀rọ̀: 10 pupa, 15 jẹ́ àwọ̀ aró, 20 jẹ́ yẹ́lò, 30 sì jẹ́ àwọ̀ ewé. Ẹ má fi 30 sí ipò 15 nítorí pé òun ni ẹ rí lójú àtẹ.

LẸ́TÀ KẸRIN

Ọ̀gá mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Mekáníìkì mi máa ń tú orí nẹ́gẹ́tífù bátìrì nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Bí ọkọ̀ kò bá kú, ó ní alternator dára. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń dán an wò? – Òǹkàwé kan, Ìlọrin.

ÌDÁHÙN

Rárá o. Ọ̀dọ̀ àwọn ọkọ̀ àtijọ́ tí kò ní kọ̀ǹpútà nínú ni àwọn ọ̀gá wa ti kọ́ ọ, n kò sì dá mekáníìkì yín lẹ́bi pé ohun tí ó bá lẹ́nu iṣẹ́ ni ó ń ṣe. Ṣùgbọ́n bátìrì ni ó ń gbé iná tó bá ṣẹ́ kù mì nínú ọkọ̀. Nígbà tí a bá ṣàdédé yọ ọ́ kúrò, iná tí alternator ń tì sí i kò rí ibi wọ̀, ó sì lè ga ju 40 volt lọ kí alternator tó mọ̀ pé ó yẹ kí òun rọwọ́. Irú èyí gan-an ni ó lè jó brain box tí òǹkàwé wa ní Abẹ́òkúta ń bẹ̀rù.

Ẹ jẹ́ kí ó fi míta kan orí bátìrì nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń ṣiṣẹ́, kí ó tan iná iwájú, kí ó tan fáànù, kí ó sì tẹ ẹsẹ̀ lé tọ́rótù díẹ̀. Bí iye náà bá dúró lókè 13.5, alternator dára. Bí ó bá wà ní 12.4 tí ó sì ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ó pa ẹ́ńjìnnì, kí ó wo bẹ́líìtì alternator bóyá ó ti dẹ̀, kí ó sì wo fúùsì ALT, kí ó tó sọ pé kí ẹ lọ ra òmíràn.